Ọrùn Ni Pílò Wà Fún, Kì Í Ṣe Orí

(Físíò ni mí, iṣan àti oríkèé ara tó ń dunni ni mò ń bá èèyàn tọ́jú. Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ aránṣọ sọ ní Èbúté Mẹ́ta nìyí. Àwọn tí ò ráyè wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu mi gan-an.)

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin màmá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin àǹtí àti bùọ̀dá, títí dórí ẹ̀yin ọmọṣẹ́ tí ẹ jókòó sẹ́yìn tí ẹ ń tẹ fọ́ọ̀nù, mo rí yín o. Nígbà tí Ìyá Ẹgbẹ́ pè mí pé kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ọrùn dídùn, mo rò pé bí ẹ ṣe ń jókòó nídìí máṣíìnì ni wọ́n fẹ́ kí n sọ, wọ́n ní rárá, wọ́n ti sọ ìyẹn sú àwọn, ohun tó ń ya àwọn lẹ́nu ni pé àárọ̀ lọrùn ń dun àwọn jù, kì í ṣe alẹ́ tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nídìí iṣẹ́. Mo ní hẹn-ẹn. Tó bá jẹ́ alẹ́ ló ń dùn yín jù, iṣẹ́ la máa bi léèrè. Tó bá jẹ́ àárọ̀, pílò la máa bi.

Ta ló ń lo pílò méjì nínú yín? Ẹ wò ó, ọwọ́ kún họ́ọ̀lù. Mẹ́ta ńkọ́? Ẹ má tijú. Bàbá tó wà níwájú yìí ní ẹyọ kan ni tàwọn, àmọ́ àwọn máa ń ká a sí méjì torí ó ti pẹlẹbẹ bíi búrẹ́dì tí wọ́n jókòó lé nínú dánfó. Bàbá, ẹ ṣé tí ẹ sọ òótọ́, ọ̀pọ̀ wa náà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ti orí orúkọ bẹ̀rẹ̀. Ìrọ̀rí la ń pè é nílé wa kó tó di pílò, ohun tá a fi ń rọrí. Orúkọ yẹn dáa, àmọ́ òun ló tàn wá jẹ, torí kò sí nǹkan tó ń ṣe orí. Egungun lorí, ẹ gbé e lé pákó, á gbà á. Ọrùn ni ò ní gbà. Ká ní èmi ni wọ́n ní kí n sọ nǹkan yìí lórúkọ ni, ìrọ̀rùn ni ǹ bá pè é, kí gbogbo èèyàn lè mọ̀ pé ọrùn la rà á fún. Ẹ má lọ sọ nílé pé físíò ní ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn ti wá o, eré ni mò ń fi ọ̀rọ̀ ṣe.

Ẹ tẹ orí yín sí èjìká ọ̀tún. Gbogbo yín. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, ẹ má gbé e kúrò, kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Egungun 7 ló wà nínú ọrùn èèyàn. Àgùnfọn tó ń fi ọrùn ká ewé orí igi, 7 náà ni tiẹ̀, tiẹ̀ kàn gùn lọ́kọ̀ọ̀kan ni. Orí tí egungun 7 yìí ń gbé tó nǹkan bíi kílò 5, ìyẹn ìdajì àpò ráìsì kékeré, oníkílò 10 yẹn. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni wọ́n ń gbé e, ẹ̀yin sì tún ń tẹ̀ ẹ́ síwájú láti ki òwú bọ abẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ bó bá ṣe ń tẹ̀ síwájú tó ló ṣe ń wúwo tó lára iṣan tó wà lẹ́yìn ọrùn. Òru nìkan ni iṣan yẹn ń rí ìsinmi. Tí pílò bá wá ga jù tàbí tó pẹlẹ jù, ìsinmi ò sí nìyẹn, iṣan apá kan á na tantan, ti apá kejì á sún kì, wákàtí 6, wákàtí 7, ẹ ò sì ní mọ̀ torí ẹ ti sùn lọ.

Ó yẹ kí n ti ní kí ẹ gbé orí yín dúró, mo gbàgbé yín o. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe ń fà yẹn? Ìṣẹ́jú méjì péré ni o.

Ọrùn ò tún tọ́ gbọọrọ bíi rúlà, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gé ọrùn bùbá, ẹ mọ̀ pé bí ẹ ṣe ń gé tiwájú kọ́ lẹ ṣe ń gé tẹ̀yìn. Tí èèyàn bá fẹ̀yìn lélẹ̀, àlàfo kékeré kan á wà lábẹ́ ọrùn. Tó bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, àlàfo yẹn á tóbi, torí èjìká ló kan bẹ́ẹ̀dì, orí ṣì wà lókè. Àlàfo yìí ni pílò wà láti dí, kò ní iṣẹ́ míì. Ẹ fi wé pádì tí ẹ máa ń ki sí èjìká kóòtù: tó bá pọ̀ jù, kóòtù á dà bíi ti sójà, tó bá kéré jù, èjìká á wó. Kì í ṣe bí pádì yẹn ṣe wọ́n tó lẹ fi ń yàn án, èjìká ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ lẹ fi ń yàn án.

Àwọn ará àtijọ́ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1922 tí awalẹ̀pìtàn kan, Howard Carter, ṣí ibojì Tutankhamun, ọba ayé àtijọ́ kan ní Íjíbítì, ìrọ̀rí mélòó kan wà lára ẹrù tí wọ́n bá níbẹ̀, kò sí òwú nínú ẹ̀ rárá, eyín erin ni wọ́n fi ṣe òmíì, gíláàsì ni wọ́n fi ṣe òmíì, ó lẹ́sẹ̀ nísàlẹ̀, ó wá tẹ̀ kọdọrọ lókè, ẹ̀yìn ọrùn ló ń gbà mọ́ra. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà náà ló ń fi igi gbẹ́ irú ẹ̀, irun dídì wọn kì í sì í bàjẹ́ mọ́jú. Mi ò ní kí ẹ lọ sùn lórí igi o, mo kàn ń fi hàn yín pé ọrùn ni wọ́n ń wò.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo ti jẹ ẹ́ rí. Mo lọ sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì kan fún ìpàdé, mo rí pílò wọn, ó funfun, ó wú bíi búrẹ́dì Agége, inú mi dùn. Bí mo ṣe padà dé, mo ra irú ẹ̀ méjì, mo tò ó léra wọn. Ní ọjọ́ kẹta mo jí, ọrùn mi ò yí mọ́. Mo wọ dánfó ní Yábàá, kọ́ńdọ́ wà lẹ́yìn mi, ó ń ké pé "àǹtí, owó ẹ̀yìn dà", odindi ara ni mo fi yí sí i bí ère. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́, màmá tó kọ́kọ́ wọlé wá gbàtọ́jú wò mí, wọ́n ní "ta ni nínú àwa méjèèjì ló wá rí dókítà báyìí?" Pílò yẹn ò burú o, èjìká mi ni ò fẹ̀ tó ìyẹn. Mo fún ọkọ àbúrò mi tó síngbọnlẹ̀ ní ọ̀kan, títí dòní ló ń dúpẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sùn, ẹ̀yin lẹ pọ̀ jù, ẹ gbọ́ tiyín. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí èjìká yín kàn án, ẹ wo iwájú gbọnrangandan, kí ẹnì kan wá fi tépù wọn àlàfo tó wà láàárín ẹ̀gbẹ́ orí yín àti ògiri, lókè etí níbẹ̀. Iye tó bá jáde ni gíga pílò tó tọ́ sí yín. Àgbàlagbà púpọ̀ máa ń bọ́ sáàárín ínṣì 4 sí ínṣì 6. Gíga yẹn, lẹ́yìn tí orí bá ti tẹ pílò mọ́lẹ̀ ni o, kì í ṣe bó ṣe wú nígbà tó ṣì wà nínú ọ̀rá ní ìsọ̀. Tí fóòmù yín bá rọ̀ tí èjìká ń rì sínú ẹ̀, ẹ yọ díẹ̀ kúrò. Tó bá jẹ́ orí ẹní lẹ ń sùn, nǹkan kan ò ní rì, ẹ lo iye tó jáde.

Èjìká ò gbọ́dọ̀ gun orí pílò. Etí pílò ni kó fẹnu kan èjìká, orí àti ọrùn ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Tí ẹ ò bá mọ̀ bóyá ẹ ti ṣe é dáadáa, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan nínú ilé ya fọ́tò yín látẹ̀yìn tí ẹ bá ti dùbúlẹ̀, egungun ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ tọ́ láti ìdí dé orí bí ìlà ṣọ́ọ̀kì tí ẹ fà sórí aṣọ. Tí orí bá wó sílẹ̀ tàbí tó gbé sókè, ẹ ti rí iṣẹ́ ṣe.

Ọ̀rọ̀ ò parí síbi ọrùn. Tí ẹ bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹsẹ̀ tó wà lókè á wó síwájú, á fa ìbàdí, ìbàdí á yí ẹ̀yìn ìsàlẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń jí pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro. Ẹ ki pílò kan sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, kó gùn láti orókún dé ọrùn ẹsẹ̀, torí tó bá jẹ́ orókún nìkan ló gbà, ẹsẹ̀ á ṣì wó. Kò di dandan kí ẹ rà á, ìró méjì tí wọ́n ká dáadáa ń ṣiṣẹ́ yẹn. Ẹni tí èjìká ń dùn, kó wá gbá òmíì mọ́ àyà kó fi ọwọ́ òkè lé e. Màmá kan ń bi mí báyìí pé ọkọ àwọn ńkọ́, ṣé àwọn ò lè gbá ìyẹn mọ́ra. Màmá, ẹ lè gbá wọn mọ́ra o, àmọ́ ọkọ máa ń yí kiri, pílò kì í yí.

Ẹni tó ń fẹ̀yìn lélẹ̀ ò nílò pílò gíga. Èyí tó ga á ti àgbọ̀n mọ́ àyà, àwọn tó ń han-run á wá máa han-run sí i. Ẹ wá pílò pẹlẹbẹ, tí ẹ bá fẹ́, ẹ ká táwẹ́ẹ̀lì kékeré róbótó, ẹ ki i sínú ẹ̀wù pílò níbi tí ọrùn máa wà. Ẹ tún fi ọ̀kan sábẹ́ orókún, ẹ máa rí i pé ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ fẹ́ẹ́. Àmọ́ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ orókún fún yín, ẹ má gbé pílò sábẹ́ orókún yẹn o, ó lè ká síbẹ̀ kó má nà tán mọ́, mo ti rí i, ẹkún ló ń gbẹ̀yìn ẹ̀ nígbà tá a bá ń nà án padà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú yín ná.

Han-run tó ń dákẹ́ wìì, tí ẹni náà á wá mí gùùù bíi pé ó jáde látinú omi, ìyẹn kọjá ti pílò, ẹ gbé e lọ sọ́sibítù.

Ìdojúbolẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ wà níbí. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín, torí èèyàn ò lè fi imú mí nínú fóòmù, ó gbọ́dọ̀ yí ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti òru mọ́jú, èyí tí mo ní kí ẹ ṣe fún ìṣẹ́jú méjì ṣáájú yẹn kéré sí i. Tí ẹ ò bá tíì lè fi í sílẹ̀, kí pílò orí tín-ín-rín bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ́ po tàbí kó má sí rárá, kí ẹ wá fi ọ̀kan sábẹ́ ikùn ìsàlẹ̀ kí ẹ̀yìn má bàa jìn. Ẹ wá máa kọ́ ara díẹ̀díẹ̀ láti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, pílò gígùn tí ẹ gbá mọ́ra á máa tàn án pé ikùn náà ló ṣì fi sùn.

Aláboyún wa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù, mo ti ń wò yín látàárọ̀. Tí oyún bá ti pé ọ̀sẹ̀ 28, ẹ máa fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sùn, kì í ṣe ẹ̀yìn. Iṣan ńlá kan wà lẹ́yìn ikùn níbẹ̀ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sọ́kàn, tí ẹ bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ilé ọmọ tó ti wúwo á jókòó lé e. Ẹ ki pílò sáàárín ẹsẹ̀, ẹ ki kékeré sábẹ́ ikùn kó má máa fà, ẹ wá fi ọ̀kan ti ẹ̀yìn kí ara má lè yí padà. Tí ẹ bá jí tí ẹ bá ara yín lórí ẹ̀yìn, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í ké o, ẹ kàn yí padà kí ẹ máa sùn lọ.

Ẹ bá mi pa fáànù yẹn díẹ̀, mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn gbọ́ èyí. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún 1, kò sí pílò fún un. Kò sí. Mo mọ àwọn pílò kéékèèké aláràbarà tí wọ́n ń tà mọ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ ní Balógun, ó rẹwà lójú, àmọ́ ọmọ ò lè gbé ojú kúrò tí pílò bá bo imú ẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ẹ̀ lélẹ̀ lórí ohun tó le díẹ̀ tó sì tẹ́jú, kí pílò, tẹ́dì àti blánkẹ́ẹ̀tì tó wú kúrò níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti 1994 ni wọ́n ti ń polongo pé kí ìyá máa fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀ tó bá ń sùn, ikú òjijì tó ń pa ọmọ lójú oorun sì já wálẹ̀ gan-an. Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ má bínú sí mi, mo mọ̀ pé orí róbótó lẹ fẹ́ kó ní. Tó bá jí tí ẹ sì ń wò ó, ẹ dojú ẹ̀ bolẹ̀ díẹ̀ kó ṣeré, ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ tó ń kọ orí sí. Orí á ṣe róbótó.

Àwọn tí àyà máa ń ta lóru ńkọ́, tí omi kíkan ń gòkè wá sọ́fun? Ìwọ̀nyí ló ń to pílò mẹ́ta. Ó yé mi, Èkó ló fà á, èèyàn á ti Lẹ́kí dé nínú gó-sìlóò ní aago 10, á jẹ ẹ̀bà, á dùbúlẹ̀ ní aago 10 àbọ̀. Àmọ́ pílò mẹ́ta yẹn, ikùn ló ń ká sí méjì, ó ń fún ikùn ni, omi yẹn á tún gòkè sí i, ọrùn á tún wọ́. Bẹ́ẹ̀dì fúnra ẹ̀ ni kí ẹ gbé sókè, ẹ fi pákó tàbí búlọ́ọ̀kù tó dúró dáadáa sábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì lápá orí, ínṣì 6 sí 8, kí gbogbo àyà lè gòkè pọ̀. Ẹ̀gbẹ́ òsì sì dáa fún yín ju ọ̀tún lọ. Kí oúnjẹ àti oorun fi nǹkan bíi wákàtí 3 jìnnà síra, tí Èkó bá gbà fún yín.

Ó ku rírà. Pílò tí wọ́n ki ègé fóòmù wẹ́wẹ́ sí, owó ẹ̀ ò wọ́n, àmọ́ ó máa ń kó jọ sójú kan, èèyàn á sùn sórí òkè kan àti kòtò kan. Èyí tó jẹ́ fáíbà ń rọ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn, àmọ́ ó ń tètè pẹlẹ. Èyí tí wọ́n ń pè ní memory foam, iṣẹ́ NASA, àjọ tó ń rán èèyàn lọ sójú sánmà ní Amẹ́ríkà, ló ti wá ní 1966, àga ọkọ̀ òfúrufú ni wọ́n ṣe é fún, ó máa ń gba ìrísí ọrùn dáadáa, àmọ́ ó máa ń di ooru mú, níbi tí iná ò ti sí mọ́jú, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ìyá ìyá mi, òwú àràbà ló wà nínú tiwọn, wọ́n á tú u, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á rọ ọ́ padà. Òkìríkà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra ẹ̀wù níbẹ̀, ẹ má ra pílò. Láti mọ̀ bóyá tiyín ṣì wà láàyè, ẹ ká a sí méjì kí ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá nà padà, ó ṣì wà. Tó bá dùbúlẹ̀ síbẹ̀ tó ń wò yín, ó ti kú.

Àmọ́ kí lẹ̀yin ń rà á fún gan-an? Aránṣọ ni yín. Ẹ rán àpò, ẹ fi síìpù sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ki fáíbà sínú ẹ̀, tó bá ga jù ẹ yọ, tó bá pẹlẹ ẹ fi kún un, títí ọrùn á fi gbà. Mi ò mọ pílò tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rán ẹ̀wù méjì fún un, ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, torí òógùn, ìpara irun àti kòkòrò tí ojú ò lè rí ń gbé ibẹ̀, àwọn tó ní ikọ́ ée máa ń fara gbá a. Ẹ máa sá pílò náà sóòrùn, pàápàá lásìkò òjò. Àti owó àjọ tí ẹ ń kó sábẹ́ ẹ̀, mo gbọ́. Fọ́ọ̀nù tó wà lórí ṣájà ni kò gbọ́dọ̀ débẹ̀, ó lè gbiná.

Tí ọrùn bá ń dùn tí ọwọ́ sì ń kú títí dé ìka, tàbí tí ẹ ò lè di sísọ́ọ̀sì mú dáadáa mọ́, tàbí ọrùn le gan pẹ̀lú ibà àti orí fífọ́, ẹ má wulẹ̀ dá pílò lẹ́bi, ọ̀rọ̀ dókítà ni. Igbobi ò jìnnà síbí, láti 1945 ni wọ́n ti ń tọ́jú egungun níbẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí bábà yí ọrùn yín gbàà lẹ́yìn tó bá gẹ irun tán, orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́.

Bí mo ṣe ní kí wọ́n béèrè ìbéèrè, kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan kan, bàbá tó ń ká pílò sí méjì yẹn ti fa tépù yọ lọ́rùn, wọ́n ti lọ dúró ti ògiri. Ínṣì 5. Làwọn ọmọṣẹ́ bá tò sẹ́yìn wọn, họ́ọ̀lù dàrú, oníkálukú ń ké iye tiẹ̀, ẹnì kan ń kọ ọ́ sínú ìwé bí ẹni ń gba ìwọ̀n aṣọ ẹbí. Nígbà tó kan Ìyá Ẹgbẹ́, 6 àbọ̀ ló jáde, wọ́n ní irọ́ ni, tépù bàbá yẹn ti gbó, ó ti fà, kí wọ́n lọ mú tàwọn wá nínú báàgì.